Olójú-Mẹ́ta Lẹ́yìn Ìyálé Mi

Ọdún tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì tó bọ́ sí apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. N kò kàwé, n kì í fi nọ́ńbà pe ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé. Rédíò ti pariwo rẹ̀ títí etí wa fi kún, síbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwa tí à ń sọdá títì ní Alékúwodò kò mọ ibi tí a ó kọjú sí mọ́. A ó wo ọ̀tún, ọkọ̀ á ti òsì yọ. Àwọn awakọ̀ pàápàá ń gbàgbé. Wọ́n ń bú ara wọn, àwa náà ń bú wọn.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Ìkòkò ni ìyá mi ń mọ ní abúlé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ọ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọkọ mi jẹ́ ará Òṣogbo, télọ̀, ọmọ ilé mùsùlùmí ńlá kan. Ìyálé mi wà nílé kí n tó dé. Kò bímọ. Ó ga, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bó bá sì rẹ́rìn-ín nínú ilé, àwọn tó wà lójú títì á gbọ́. Bí mo bá gbàgbé tí mo pe ilé ní "ulé" gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é ní Ìjẹ̀ṣà, á ní, "Ìyàwó mi, ulé wà ní Iléṣà. Ilé la kọ́ síbí." Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má dán irú rẹ̀ wò sí mi lójú rẹ̀. Òun ló wẹ àkọ́bí mi fún mi. Nígbà tí ibà mú èkejì, ọmọbìnrin, nínú ọyẹ́ tó tẹ̀lé Iléyá ọdún yẹn, òun ló pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Òun náà ló gbé òkú rẹ̀ wálé, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí mọ irú obìnrin tí wọ́n wá pè ní apọmọjẹ, àjẹ́ tó ń pa ọmọ jẹ.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń mọ ìṣaasùn àti orù omi mi. Ìkòkò tútù gbọ́dọ̀ gbẹ nínú òjìji kó tó ṣe é sun, àwọn ọmọ ilé ọkọ mi kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́ níhà. Mo pariwo títí, ó sú mi. Mo bá kó amọ̀ tó ṣẹ́kù jọ, mo fi mọ ohun kan tí yóò máa lé wọn. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Mo ya ẹnu rẹ̀ gbàgà, mo to èérún ìkarahun ìgbín sí i bí eyín. Mo dá ojú méjì lu síbi tí ojú ń wà, mo dá ẹ̀kẹta lu sí iwájú orí. Ihá ni mo fi ṣe irun rẹ̀. Apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, amọ̀ ló tán. N kò sun ún, nítorí ta ni yóò fi igi ìdáná ṣòfò lórí ohun tí a fi ń lé ọmọdé?

Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Olójú-Mẹ́ta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé kọjá. Ìyálé mi yí i po, ó wò ó, ó ní, "Ìyàwó mi, ta lo wò tó o fi mọ eléyìí? Ó jọ ọkọ wa bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lówùúrọ̀." A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú, n kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin onífọ́tò kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, pákó nìkan ló wà láàárín wọn. Àgbàlagbà ni, ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó wá sílé wa láti gba ṣòkòtò tó ní kí ọkọ mi rán, ó rí Olójú-Mẹ́ta, ó ní kí n yá òun kí òun fi ṣe ọ̀ṣọ́. Mo ní kó gbé e. Ohun tí a fi amọ̀ àjẹkù mọ, kí ni mo fẹ́ fi ṣahun?

Ohun tó ṣe nìyí, bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó gbé ère náà ka orí tábìlì, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó fi bíléèdì gé e kúrò lára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fọ́tò mìíràn tó ti yà lójú títì, ó tún ya méjèèjì pọ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù ra etí ibi tó ti lẹ̀ ẹ́, títí ojú kò fi rí i mọ́. Bí ohun tí kò ga ju orúnkún lọ ṣe ga ju ọkọ̀ lọ nìyẹn. Ó dúró láàárín títì, ó na apá rẹ̀ gígùn sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù kan.

Ọjọ́ tí ọkọ mi ń ṣàlàyé yìí ló tún sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò gbọ́ rí. Ìbejì ni ọkọ mi, èkejì rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Fọ́tò àwọn méjèèjì wà lára ògiri pálọ̀ ìyá ọkọ mi, àwọn ọmọkùnrin méjì nínú aṣọ kan náà, ọ̀kan dé fìlà, èkejì kò dé e. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo ló ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní onífọ́tò yìí kan náà ló yà á, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Èkejì òun ti kú nígbà náà. Òun nìkan ló dúró. Wọ́n ní kó dúró lápá kan, wọ́n yà á. Wọ́n bọ́ fìlà lórí rẹ̀, wọ́n ní kó dúró lápá kejì, wọ́n tún yà á, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó ní, "Má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé mo sọ ọ́."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Onífọ́tò gbé fọ́tò Olójú-Mẹ́ta sínú àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn èrò pé àlùjànnú tó jáde láti Igbó Ọ̀ṣun ni, pé òun ló ń da àwọn awakọ̀ lójú rú láti ìgbà tí ọkọ̀ ti yí apá padà. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Ará Òṣogbo, tí wọ́n ń rí i bí wọ́n ṣe ń mọ ère tó ga bí igi nínú Igbó Ọ̀ṣun yẹn kan náà, wọ́n dúró síwájú àpótí gíláàsì, wọ́n ń gbọ̀n. Èrò ń wá láti Ẹdẹ, wọ́n ń wá láti Ìkìrun. Ẹni tó wá wo àlùjànnú á kúkú jókòó ya fọ́tò tirẹ̀. Ọjà onífọ́tò tà.

Ìyálé mi ló ba ọjà náà jẹ́. Ó gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá èrò níbẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí onífọ́tò ń sọ. Ó sọ agbọ̀n oúnjẹ kalẹ̀. Ó ní, "Àlùjànnú wo? Ìyàwó mi ló fi amọ̀ mọ ọ́n kí àwọn ọmọ má baà tẹ ìkòkò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihá tí a fi ń fọ abọ́ ló wà lórí rẹ̀ yẹn. Bàbá, ẹ dá a padà fún wa, àwọn ọmọ ti ń tẹ ìkòkò." Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi onífọ́tò ṣe ẹlẹ́yà dé ibi pé àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó kàn ń wo ìyálé mi.

Nígbà Iléyá, ìyálé mi ti ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú léèsì àti gèlè, ó jókòó lórí àga bí ayaba. Fíìmù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò pẹ́ tí fọ́tò yẹn fi jáde nínú àpótí gíláàsì, Olójú-Mẹ́ta dúró lẹ́yìn àga, apá gígùn rẹ̀ wà léjìká ìyálé mi. Kò kọ nǹkan sí i, kò sọ nǹkan nípa rẹ̀. Ó kàn gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ìyálé mi níbi tí a ti ń nájà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, òun náà ti ní ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ìyá ọkọ mi ti gbọ́, ó sì ti ro ọ̀rọ̀ náà já. Ó pè mí lọ sí yàrá rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Ó ní Iléyá ni wọ́n ya fọ́tò náà. Lẹ́yìn Iléyá ni ọmọ mi kú. A jẹ́ pé nǹkan yìí ti wà lẹ́yìn obìnrin náà nígbà tó ń pọn ọmọ mi kiri. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọn yóò lé e kúrò nílé kí n tó tún lóyún.

Mo ní, "Ìyá, n kò tíì mọ nǹkan yẹn nígbà Iléyá. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni mo mọ ọ́n. Ojú yín ni mo ṣe mọ ọ́n."

Ó ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ẹ wò ó, inú ti bí mi láyé, ṣùgbọ́n ìbínú pé wọ́n fi òkú ọmọ mi ṣe ẹ̀rí mú ẹni tó gbé e wálé, kò ní orúkọ. Títí di òní, bí mo bá rántí, ẹnu mi a máa korò.

Mo lọ bá onífọ́tò. Mo ní kó gbé ère mi fún mi kí n gbé e délé fún wọn wò. Ó ní òjò ti rọ̀ sí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó mú mi lọ wò ó. Òkìtì ẹrẹ̀ ni, èérún ìkarahun ìgbín wà nínú rẹ̀, ihá wà lórí rẹ̀. Mo ní kó wá bá mi délé, kó wá sọ pé òun ló lẹ̀ ẹ́. Ó ń fi aṣọ nu kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ mi ni kí n ya fọ́tò. Kì í ṣe iṣẹ́ mi kí n sọ ohun tí ẹ ó rí nínú rẹ̀. Ìyálé rẹ ní ẹnu, ẹ jẹ́ kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀."

Mo padà sílé, mo po amọ̀, mo jókòó sí àárín agboolé lójú gbogbo wọn, mo mọ òmíràn. Ìyẹn jọ ti àkọ́kọ́ bí ọmọ ìyá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ìyá ọkọ mi dúró jìnnà, ó bo ẹnu. Ó ní ó ti fara han èmi náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni mo ṣe mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí? Wọ́n fi igi fọ́ ọ, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀. Kí ni ẹ ó sọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Ó ku ọkọ mi. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Mo ní kó sọ ti fọ́tò ìbejì fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin yìí mọ bí a ṣe ń fi ohun tí kò sí síbi tí kò sí. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń rán apá aṣọ kan. Ó ní kí n má ṣe mú ìyá òun sunkún lẹ́ẹ̀kejì lórí ọmọ kan ṣoṣo. Ó ní àwọn àgbà kò ní lé ìyálé mi, ìbẹ̀rù lásán ni, yóò kọjá lọ. Mo ní bí kò bá kọjá lọ ńkọ́? Ẹ̀rọ ń ró.

Kò kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ilé, pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀ ìyá ọkọ mi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó fi Ọlọ́run ṣáájú. Ó ní òun kò sọ pé ìyálé mi ṣe nǹkan kan, wallahi, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará ilé kò balẹ̀. Kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìgbà díẹ̀ jẹ́. Ojú ọkọ wa ni ìyálé mi ń wò, ó ń dúró dè é. Ọkọ wa ń wo ẹní. Nígbà tó pẹ́ tí kò gbójú sókè, ìyálé mi dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń di ẹrù.

Ìgbà náà ni n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gun àga, mo já fọ́tò ìbejì lára ògiri pẹ̀lú ìṣó rẹ̀, mo gbé e lé ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ilé, èmi àjòjì ará Ìjẹ̀ṣà, níwájú olórí ilé. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn."

Ìyá ọkọ mi pariwo pé kí n gbé ọmọ òun kalẹ̀.

Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ fún wọn, tàbí kí n sọ ọ́."

Ó di fọ́tò náà mú. Ó ní, "Èmi ni méjèèjì."

Olórí ilé ní kí ló wí. Ó tún un wí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe bọ́ fìlà lórí òun, bí wọ́n ṣe sún òun lọ sápá kejì. Ó ní ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni. Ó ní òun rí i láti ojú ihò pákó nígbà tó ń fi bíléèdì gé Olójú-Mẹ́ta, òun sì rí i nígbà tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ìyàwó òun.

Ó rí i nígbà tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ìyálé mi. Èmi pàápàá kò mọ ìyẹn.

Mo rò pé ìyá ọkọ mi yóò ṣubú. Kò ṣubú. Ó na ọwọ́, ó gba fọ́tò náà, ó fi ìdí aṣọ nu gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé n kò mọ̀? Ta ló mú ọ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò? Ìwọ lo dúró, òun ló wà níbẹ̀. Ojú mi ni kò rí i, fọ́tò jẹ́ kí n rí i. Bí nǹkan tó wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ bá jẹ́ irọ́, ọmọ mi náà kò sí níbẹ̀ nìyẹn. N kò ní gbà bẹ́ẹ̀ títí tí n ó fi kú."

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tirẹ̀ lè wà nínú fọ́tò, obìnrin mìíràn gbọ́dọ̀ di àjẹ́. N kò lè bá a jà, n kò sì lè ṣàánú rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ tèmi náà kú, n kò fi pa ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n olórí ilé jẹ́ ènìyàn tó ní làákàyè. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà. Ó ní àṣìṣe ló jẹ́, kí wọ́n lọ gba fọ́tò náà lọ́wọ́ onífọ́tò kí wọ́n fà á ya, kí wọ́n sì pe ìyálé mi jáde kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé mo ti gbà á sílẹ̀.

Ìyálé mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹrù wà lórí rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún olórí ilé pẹ̀lú ẹrù lórí, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọkọ wa. Ohùn rẹ̀ kò ga.

Ó ní, "Ẹ rí i nígbà tó ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ padà wálé, ẹ jẹ oúnjẹ tí mo sè. Ẹ gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní apọmọjẹ, ẹ ń rán aṣọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé mi ni, ǹ bá padà wá. Ẹ̀yin kò lé mi, ẹ kàn ń wò mí. Mi ò lè bá ẹni tó ń wò mí gbé."

Ọkọ wa ní kó jọ̀ọ́. Olórí ilé bẹ̀ ẹ́. Ó ti ń rìn. Mo gba ẹrù lórí rẹ̀, mo gbé e lé orí tèmi, mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo ní kó lọ bá ìyá mi ní Iléṣà, kó má lọ sílé bàbá rẹ̀ tí wọn yóò ti máa bi í léèrè. Ó gbà. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyàwó mi, ulé ni mò ń lọ yìí o." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò wá. Mo padà nítorí ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe ọmọ, n kò ní padà.

Kò padà sí Òṣogbo mọ́. Ìyá mi kọ́ ọ ní iṣẹ́ amọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kristẹni, òun náà sì di onígbàgbọ́. Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ó máa ń fún un lómi mu, á sì sìn ín jáde. Nílé wa, èmi àti ọkọ mi jọ gbé pọ̀ títí ó fi kú, mo sì bí ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kì í dá a lóhùn bó bá ní nǹkan yóò kọjá lọ.

Àwọn ọmọ mi dàgbà, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí a fi ń lọ kí ìyá kan ní Iléṣà nígbà gbogbo, tí bàbá wọn sì máa ń dúró sójú títì bí a bá dé ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n bínú sí onífọ́tò, wọ́n bínú sí ìyá àgbà wọn. Mo ní onífọ́tò ṣìkà, ìyá àgbà yín ń ṣọ̀fọ̀, èmi kò fẹ́ kí ẹ jọ ẹnì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà mí pé ẹ ó jọ wọ́n. Bàbá yín ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ènìyàn dáadáa ni, ẹ sì jọ ọ́. Mo ní òótọ́ ló sọ, ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí obìnrin náà ti di ẹrù rẹ̀ tán ló sọ ọ́. Ẹ̀yin, bí ẹ bá rí i nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ẹ pariwo níbẹ̀, kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.